Ẹ̀kọ, Àkàrà àti Àgbàdo Tó Ti Mẹ́síkò Wá

Ní ilé wa ní Ìjù, ìyá mi àgbà ló ń dín àkàrà, òun náà ló sì ń ta ẹ̀kọ. Aago márùn-ún òwúrọ̀ kì í bá a lórí ibùsùn. Kí n tó wẹ̀ kí n sì wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, agbada ti gbóná, àwọn ọlọ́kadà ti dúró síwájú ilé, òórùn epo àti àlùbọ́sà sì ti wọ inú aṣọ mi. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ kíláàsì mi fi ń pè mí ní Ọmọ Alákàrà. Orúkọ náà kò dùn mọ́ mi nínú rí.

Ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn mú fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá síbi tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ àfikún lọ́jọ́ Sátidé. Ó fi àwòrán oúnjẹ kan hàn wá: nǹkan pẹlẹbẹ róbótó kan tí wọ́n ká po, tí ẹ̀wà dúdú, ata àti ẹ̀fọ́ wà nínú rẹ̀, tí kò sí ẹran kankan níbẹ̀. Ó ní táàkò ni wọ́n ń pè é, pé àwọn ará Mẹ́síkò ló ni ín, àti pé àwọn olówó ní Èkó ń jẹ ẹ́. Gbogbo wa ń dá itọ́ mì. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà, mo sì rí i pé àgbàdo ni wọ́n fi ṣe nǹkan pẹlẹbẹ yẹn. Àgbàdo àti ẹ̀wà. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀kọ àti àkàrà nìyí?" Wọ́n fi mí ṣe ẹ̀rín títí a fi tú ká.

Inú bí mi, ìbínú yẹn ló sì lé mi wọnú ìwé. Ohun tí mo bá níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí mo lè fi dá àwọn ọ̀rẹ́ mi lóhùn lọ.

Àgbàdo ni kí a kọ́kọ́ mú. Ní nǹkan bí ọdún 9,000 sẹ́yìn, ní àfonífojì odò Balsas ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Mẹ́síkò, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa irúgbìn koríko ìgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní teosinte. Ẹni tó bá rí koríko yìí kò ní gbà pé baba ńlá àgbàdo ni. Ṣírí rẹ̀ kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, èso bíi mẹ́wàá péré ló wà lára rẹ̀, èèpo tó le bí òkúta ló sì bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn àgbẹ̀ yìí ń yan èyí tó bá tóbi díẹ̀, tí èèpo rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀, wọ́n ń gbìn ín, àwọn ọmọ wọn ń yàn, àwọn ọmọ ọmọ wọn ń yàn, títí ó fi di àgbàdo. Nítorí náà, àgbàdo kì í ṣe ohun tí ènìyàn bá nínú igbó. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni. Kò tilẹ̀ lè dá gbin ara rẹ̀: bí ẹnikẹ́ni kò bá bó háhá rẹ̀ kí ó sì yà á kúrò lára ṣùkù, inú háhá yẹn ló máa jẹrà sí.

Àwọn ará Mẹ́síkò kì í kàn se àgbàdo gbígbẹ kí wọ́n sì jẹ ẹ́. Wọ́n ń sè é nínú omi tí wọ́n da ẹfun òkúta jíjó tàbí eérú sí, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á fọ èèpo rẹ̀ dànù, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ tí wọ́n ń pè ní metate. Nahuatl, èdè àwọn Aztec, ló fún iṣẹ́ yìí ní orúkọ tí wọ́n ṣì ń pè é títí di òní: nixtamal. Ìyẹ̀fun tútù tó bá jáde níbẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì ń yan lórí àwo amọ̀ gbígbóná. Òun ni tortilla. Bí wọ́n bá ti fi nǹkan sínú rẹ̀ tí wọ́n sì ká a po, ó ti di táàkò.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ ẹran. Mo ti rò pé táàkò ẹlẹ́ran ni ti àtijọ́, pé àwọn tó ń sá fún ẹran láyé òde òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ẹran kúrò. Òdìkejì rẹ̀ ló sún mọ́ òótọ́. Kí àwọn ará Sípéènì tó dé Mẹ́síkò ní ọdún 1519, kò sí màlúù níbẹ̀, kò sí àgùntàn, kò sí ewúrẹ́, kò sí ẹlẹ́dẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò mọ adùn ẹran o: wọ́n ń sin tòlótòló àti ajá fún jíjẹ, wọ́n ń pa ìgalà, wọ́n ń pẹja, wọ́n tún ń jẹ kòkòrò. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ojoojúmọ́ àwọn mẹ̀kúnnù ni àgbàdo, ẹ̀wà, elégédé àti ata. Lẹ́yìn tí àwọn ará Sípéènì gba Tenochtitlan, olú-ìlú àwọn Aztec, ní ọdún 1521, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Bernardino de Sahagún jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ náà, wọ́n sì kọ ìwé ńlá kan tó pín sí apá 12 nípa ìgbésí ayé wọn. Àwọn tó ń ta tortilla lọ́jà wà nínú ìwé náà, àwọn tó ń ta tamale náà wà níbẹ̀. Tamale ni ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n pọ́n sínú ewé tí wọ́n sì sè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ dákun, kí ni èyí jọ lójú yín?

Orúkọ náà, táàkò, kò tilẹ̀ pẹ́ tó oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló tó hàn kedere nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí orúkọ oúnjẹ. Òpìtàn Jeffrey Pilcher rò pé ọ̀dọ̀ àwọn awakùsà fàdákà ni orúkọ náà ti wá, nítorí pé táàkò ni wọ́n ń pe ìwé tí wọ́n fi ń wé ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta. Títí di òní, àwọn ará Mẹ́síkò ń fi òdòdó elégédé, olú, ọ̀dùnkún, ẹ̀wà àti ewé ọrọ́ tí wọ́n ti ha ẹ̀gún rẹ̀ kúrò ṣe táàkò, pàápàá ní àkókò ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tí ó ní àwọn ọjọ́ tí àwọn Kátólíìkì kì í jẹ ẹran. Wọ́n tún ń jẹ huitlacoche, ìyẹn èbù dúdú tó máa ń wú lára àgbàdo nínú oko. Àgbẹ̀ tiwa yóò ju irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ sínú iná. Ní ọdún 2010, àjọ UNESCO fi oúnjẹ ìbílẹ̀ Mẹ́síkò sínú àkójọ àwọn ogún àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú, àgbàdo, ẹ̀wà àti ata sì ni wọ́n dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Báwo wá ni àgbàdo ṣe dé Ìjù? Ìtàn yẹn kò dùn tán. Columbus kó irúgbìn rẹ̀ dé Sípéènì lẹ́yìn ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1493. Àwọn Potogí ló gbé e wá sí etíkun tiwa. Awakọ̀ ojú omi kan tó jẹ́ Potogí, tí wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní Venice ní ọdún 1550, sọ pé wọ́n ti ń gbin àgbàdo ní erékùṣù Cape Verde. Ọkọ̀ tó ń kó ẹrú ló ń lọ tó ń bọ̀ lójú omi nígbà náà, àwọn olówò ẹrú sì fẹ́ràn àgbàdo nítorí pé kì í tètè bàjẹ́, ó sì rọrùn láti fi bọ́ àwọn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Oúnjẹ tí ìyá mi àgbà ń tà yìí, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ló gbà wọlé.

Nígbà tó délẹ̀ Yorùbá, ó ràn bí iná ọyẹ́. Ní Ifẹ̀ àti ní Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn awalẹ̀ ti rí àpáàdì tí àwọn amọ̀kòkò ayé àtijọ́ fi ṣùkù àgbàdo yí lára láti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Frank Willett, tó wa ilẹ̀ ní Ifẹ̀, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1962. Mo fẹ́ràn ẹ̀rí yìí gan-an. Ẹni tó jẹ àgbàdo tán, tó wo ṣùkù ọwọ́ rẹ̀, tó sì yí i lára ìkòkò tútù, kò mọ̀ pé òun ń kọ ìwé ìtàn fún wa.

Ó yẹ kí àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ló fi ń gbó. Háhá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹyẹ rí i jẹ bí wọ́n ṣe ń jẹ ọkà bàbà. Ní agbègbè wa tí òjò ti ń pọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lè gbìn ín lọ́dún. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé ó ń gbó ní oṣù kẹfà àti ìkeje, nígbà tí iṣu àmọ́dún ti tán nínú abà tí iṣu tuntun kò sì tíì tó wà. Ní ilẹ̀ Àkúrẹ́ àti Oǹdó tí a ti fi iyán ṣe ọba oúnjẹ, àgbàdo ló ń di àlàfo ìgbà ebi.

Mo gbé gbogbo èyí lọ bá ìyá àgbà. Kò gbà. Ó ní, "Àgbàdo wo ló ti ìlú òyìnbó wá? Àgbàdo tí àwọn baba wa ń pa òwe rẹ̀?" Ó rán mi létí ohun tí àwọn àgbà ń sọ, pé ìhòòhò ni àgbàdo lọ sóko, ṣùgbọ́n tòun taṣọ tòun tọmọ ló padà wálé. Mo ní kì í ṣe ìlú òyìnbó, pé àwọn tó kọ́kọ́ gbìn ín kì í ṣe òyìnbó. Ó ní ìyẹn kò kàn án. Mo ń rò ó títí di òní pé bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbé sọnù. Nǹkan bí irínwó ọdún sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún ni àgbàdo ti wà lọ́wọ́ wa. Ìgbà wo ni àlejò ń di onílé? Ata rodo tí a ń lọ̀ mọ́ ẹ̀wà àkàrà náà, Amẹ́ríkà ló ti wá. Tòmátì náà bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ti inú Nahuatl wá. Ìyèré àti atare ni ohun tata tí àwọn baba wa mọ̀ kí ata tó dé. Ẹ̀wà ni tiwa gan-an: ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn.

Ibi tí ìtàn yìí ti yí padà sí ohun tó kan ìyè àti ikú ni ibi tí àgbàdo ti rìnrìn àjò láìsí ọgbọ́n tó bá a rìn. Àwọn òyìnbó gba irúgbìn, wọn kò gba eérú àti ẹfun. Wọn kò mọ̀ pé omi ẹfun yẹn ló ń tú fítámì B3 tó há sínú àgbàdo sílẹ̀. Nígbà tí àwọn tálákà Sípéènì àti Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ayé wọn lé àgbàdo nìkan, àrùn kan yọ tó ń bó awọ, tó ń da inú rú, tó ń da orí rú, tó sì ń pani. Gaspar Casal ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Sípéènì ní ọdún 1735; àwọn ará Ítálì sọ ọ́ ní pellagra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní gúúsù Amẹ́ríkà, títí Dókítà Joseph Goldberger fi fi hàn pé kì í ṣe àrùn àkóràn, oúnjẹ ló fà á.

Àwọn baba wa náà kò gba ọ̀nà ẹfun. Ọ̀nà kíkan ni wọ́n gbà, irú èyí tí wọ́n ń gbà sọ ọkà bàbà di ògì. Ìyá àgbà á rẹ àgbàdo sómi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí á fi kan, á gbé e lọ sí ẹ̀rọ, á fi aṣọ sẹ́ ẹ, á dá eèrí sọ́tọ̀ fún ewúrẹ́, á sì jẹ́ kí ògì rọ̀ sísàlẹ̀ kí omidùn lè wà lókè. Ó dùn, ó sì rọrùn fún ọmọ àti arúgbó. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú oore àgbàdo bá eèrí lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́. Ní ọdún 1933, Cicely Williams, dókítà obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Accra, kọ nípa àwọn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú tó jẹ́ pé oúnjẹ àgbàdo nìkan ni wọ́n ń fún wọn. Ẹsẹ̀ wọn wú, irun wọn pọ́n, awọ wọn ń bó, ọ̀pọ̀ wọn sì kú. Ní ọdún 1935, ó lo orúkọ tí àwọn ará Gã ń pe àrùn náà fún gbogbo ayé: kwashiorkor, àrùn tó ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ló mọ orúkọ yẹn nígbà ogun abẹ́lé.

Ohun tó kù nínú àgbàdo, ẹ̀wà ní in. Àgbàdo kò ní tó nínú ohun kan tí wọ́n ń pè ní lysine, ara kò sì lè fi purotéènì kọ́lé láìsí i. Ẹ̀wà ní in yanturu. Methionine tí kò tó lára ẹ̀wà, àgbàdo ní in. Obìnrin Mẹ́síkò tó fi ẹ̀wà sínú tortilla àti obìnrin Ìjù tó gbé àkàrà lé ẹ̀kọ kò rí ara wọn rí, síbẹ̀ ibì kan náà ni wọ́n dé.

Láti kékeré ni mo ti ń rí nǹkan kan tó ń bí mi nínú. Bí ọmọdé bá wá ra ẹ̀kọ tí kò sì mú owó àkàrà wá, ìyá àgbà á mú àkàrà kan tó kéré tàbí tó fọ́, á fi sórí ẹ̀kọ náà. Mo máa ń ka iye tó ń bá bẹ́ẹ̀ lọ láàárọ̀ kan, mo sì rò pé ọjà ló ń fi ṣòfò. Lẹ́yìn tí mo ka ìtàn Accra, mo bi í léèrè ìdí tó fi ń ṣe é. Ó ní bí ìyá òun ṣe ń ṣe nìyẹn, pé ìyá òun máa ń sọ pé ẹ̀kọ nìkan kì í gbé ọmọ ró. Ìyá ìyá mi àgbà kò ka ìwé kankan.

Àkàrà náà ti rìnrìn àjò tirẹ̀, lọ sí ibi tí àgbàdo ti wá. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil gbé e dání nínú orí wọn, nítorí wọn kò ní ohun mìíràn tí wọ́n lè gbé. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé "àkàrà" àti "jẹ" ló wà nínú orúkọ náà. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n á là á láàárín, wọ́n á sì kó ọbẹ̀ àti edé sínú rẹ̀. Ti Ọya ni wọ́n kà á sí. Ní ọdún 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń ta á sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè wọn. Iṣẹ́ alákàrà o! Mo ka gbólóhùn yẹn sókè fún ìyá àgbà lẹ́ẹ̀mejì.

Mẹ́síkò tún ràn wá lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, láyé àwọn òbí wa àgbà. Ní nǹkan bí ọdún 1949, àrùn kan tó ń mú ewé àgbàdo pọ́n bí irin tó dípẹtà ti Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí Sierra Leone, kò sì pẹ́ tó fi dé Nàìjíríà. Àgbàdo tiwa kò bá a pàdé rí, nítorí náà kò lágbára láti kọ̀ ọ́. Oko ń jó lójú àwọn àgbẹ̀. Wọ́n dá ẹ̀ka ìwádìí kan sílẹ̀ ní Moor Plantation ní Ìbàdàn nítorí rẹ̀, wọ́n sì wá irúgbìn lọ sí Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká, níbi tí àgbàdo àti àrùn náà ti jọ ń gbé pọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n gbà á fún àwọn irú tiwa, oko sì padà bọ̀ sípò.

Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe táàkò. Ìgbà àkọ́kọ́, ìyẹ̀fun àgbàdo lásán ni mo pò mọ́ omi. Gbogbo rẹ̀ ló fọ́ yángá-yángá nínú páànù, àbúrò mi sì ní mo ti ṣe oúnjẹ adìyẹ. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ eérú fún ìyá àgbà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú?" Láti ibẹ̀, òun ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó sẹ́ eérú igi, ó ro ó, ó dá omi rẹ̀ tó ti tòrò sọ́tọ̀, ó là á mọ́ omi púpọ̀, ó sì fi se àgbàdo funfun títí èèpo rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. A bò ó mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. A fọ̀ ọ́ lómi mẹ́fà kí òórùn eérú má bàa kù. Ọlọ òkúta tó wà lẹ́yìn ilé, tí a ti sọ di àga, ni a fi lọ̀ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí kò fọ́. Ó dì mọ́ra bí amọ̀, mo fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, a sì yan án lórí páànù gbígbẹ.

A rún àkàrà gbígbóná sínú rẹ̀, a fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ata díndín lé e, a ká a po. Mo pe ọmọ kíláàsì mi tó ni fóònù yẹn. Ó jẹ mẹ́ta, ó sì tún béèrè. Ìyá àgbà jẹ ọ̀kan, ó rọra jẹ ẹ́, ó ní ó dùn ṣùgbọ́n ó gbẹ, pé kí n lọ bu ẹ̀kọ mímu wá fún òun láti fi tì í.